Àwọ̀ Sítáǹpù Lójú Ẹ̀rọ: Bí A Ṣe Lè Fi Ìwọ̀n Dá Ẹ̀yà Àwọ̀ Mọ̀

Ọ̀rọ̀ àsọyé fún àwọn olùkójọ sítáǹpù àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní Ògbómọ̀ṣọ́

Ẹ̀yin àgbà tí ẹ jókòó níwájú, ẹ̀yin olùkọ́, ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ tí ẹ fi ọ̀sán Sátidé yín jìn fún ọ̀rọ̀ yìí, mo kí yín, ẹ kú ìjókòó.

Bí a bá mú sítáǹpù Nàìjíríà oní-kọ́bọ̀ kan (pẹ́nì kan àtijọ́) méjì, tí orí Ọba George Karùn-ún wà lára àwọn méjèèjì, tí bébà wọn jọra, tí àmì inú bébà náà, èyí tí a ń rí bí a bá gbé bébà sókè sí ìmọ́lẹ̀, kò yàtọ̀, tí iye ihò etí wọn sì dọ́gba, ohun kan ṣoṣo tó lè sọ fún wa pé ọ̀kan wà lára àwọn tó jáde láti 1914, tí èkejì kò sì jáde títí di 1917, ni àwọ̀ tí wọ́n fi tẹ̀ ẹ́. Kátálọ́ọ̀gì, ìwé tó to àwọn sítáǹpù lẹ́sẹẹsẹ, pe ti àkọ́kọ́ ní carmine-red, ó pe ti ìkejì ní scarlet. Pupa ni àwọn méjèèjì lójú ẹni tó ń kọjá lọ, ṣùgbọ́n ẹni tó bá tẹjú mọ́ wọn á rí i pé èyí tó kọ́kọ́ jáde fà sí àwọ̀ aró díẹ̀, nígbà tí èyí tó tẹ̀lé e fà sí àwọ̀ ọsàn. Ìyàtọ̀ yìí ní ìtàn nínú. Kí Ogun Àgbáyé Kìn-ín-ní tó bẹ̀rẹ̀, ilẹ̀ Jámánì ni ọ̀pọ̀lọpọ̀ aró tí àwọn onímọ̀ kẹ́míkà ń pò ti ń wá, òun náà ni àwọn atẹ̀wé ní ìlú London sì ń lò. Nígbà tí ogun sé ọ̀nà mọ́ ọjà Jámánì, ilé iṣẹ́ De La Rue, tó ń tẹ sítáǹpù fún ọ̀pọ̀ ilẹ̀ tó wà lábẹ́ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, kò lè rí aró tó ń lò tẹ́lẹ̀ mọ́, ohun tó bá wà nílẹ̀ ni wọ́n ń fi tẹ̀wé. Ìdí nìyí tí àwọn sítáǹpù ọdún ogun fi kún fún oríṣiríṣi pupa, oríṣiríṣi àwọ̀ àlùkò àti oríṣiríṣi àwọ̀ ewé, ìdí nìyí tí ẹni tó bá mọ àwọ̀ yà sọ́tọ̀ fi lè mọ àsìkò tí wọ́n tẹ sítáǹpù kan láìsí ẹ̀rí mìíràn.

Ohun tí mo wá sọ lónìí kò ju ẹyọ kan lọ. Ẹ̀rọ lè wọn àwọ̀ dáadáa ju bí a ti rò lọ, ṣùgbọ́n nọ́ńbà tó bá gbé jáde kò lè fún sítáǹpù kankan lórúkọ, àfi bí a bá ti kọ́kọ́ wọn àwọn sítáǹpù tí a mọ ọjọ́ wọn láìsí àníàní. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ra ẹ̀rọ ìwọn àwọ̀ nítorí sítáǹpù ló gba ọ̀nà kejì: wọ́n wọn èyí tí wọn kò mọ̀, wọ́n sì ń wá orúkọ tó bá nọ́ńbà náà mu nínú kátálọ́ọ̀gì. Kò sí orúkọ kankan níbẹ̀ fún nọ́ńbà wọn, nítorí àwọn tó kọ kátálọ́ọ̀gì kò fi ẹ̀rọ wọn ohunkóhun nígbà tí wọ́n ń sọ àwọn àwọ̀ wọ̀nyí lórúkọ.

Kí a tó dé orí ẹ̀rọ, ẹ jẹ́ kí n gbèjà ojú ènìyàn díẹ̀. Bí a bá tẹ́ sítáǹpù méjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn lábẹ́ ìmọ́lẹ̀ kan náà, ojú tó ti pẹ́ nídìí iṣẹ́ yìí á rí ìyàtọ̀ tí ẹ̀rọ olówó pọ́ọ́kú kò ní rí. Ibi tí ojú ti ń já wa kulẹ̀ ni ìrántí: pupa tí a rí lánàá, a kò lè gbé e wá sí òní kí ó má yẹ̀. Ibi kejì ni ìmọ́lẹ̀. Oòrùn agogo mẹ́wàá òwúrọ̀ kò fi àwọ̀ hàn bí oòrùn ìrọ̀lẹ́ ti ń fi í hàn. Nígbà ọyẹ́, eruku tó bo ojú ọ̀run Ògbómọ̀ṣọ́ níhìn-ín ń sọ ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán gangan di rúsúrúsú. Gílóòbù oníwáyà àtijọ́ ń fa ohun gbogbo sí àwọ̀ ọsàn, gílóòbù LED tí a sì ń rà lọ́jà báyìí ní tirẹ̀. Èyí tó tún burú jù ni pé tàdáwà méjì tí èròjà wọn yàtọ̀ lè bára mu pátápátá lábẹ́ oòrùn, kí wọ́n sì yàtọ̀ síra kedere bí a bá tan iná inú yàrá. Ẹni tó ra sítáǹpù ní alẹ́ nítorí pé ó bá ti ilé rẹ̀ mu, kí ó dúró de ilẹ̀ mímọ́.

Àwọn tó ṣáájú wa mọ ìṣòro yìí, wọ́n sì gbìyànjú láti fi káàdì àwọ̀ yanjú rẹ̀. Albert Munsell, ará Amẹ́ríkà, ti to àwọ̀ lẹ́sẹẹsẹ láti 1905 nípa bíbi ìbéèrè mẹ́ta: irú àwọ̀ wo ni, báwo ló ti mọ́lẹ̀ tó, báwo ló sì ti le tó? Ní 1912, Robert Ridgway, onímọ̀ nípa ẹyẹ, gbé àkójọ àwọ̀ 1,115 jáde, tí àwọn olùkójọ sítáǹpù sì yá lò fún iṣẹ́ tiwọn. Ilé iṣẹ́ Stanley Gibbons ní káàdì tirẹ̀ tó ní àwọ̀ 200, èyí tí ọ̀pọ̀ nínú yín ti rí. N kò bẹnu àtẹ́ lu ìkankan nínú wọn, ṣùgbọ́n tàdáwà ni wọ́n fi tẹ káàdì, tàdáwà a sì máa ṣá. Káàdì tó ti wà nínú dúrọ́ọ̀ láti ogún ọdún wá kò bá tuntun dọ́gba mọ́. Yàtọ̀ sí èyí, ohun tí ilé iṣẹ́ kátálọ́ọ̀gì kan pè ní rose, òmíràn lè pè é ní carmine, owó sì ń tẹ̀lé orúkọ. Sítáǹpù Amẹ́ríkà oní-sẹ́ǹtì mẹ́ta ti 1861 ni àpẹẹrẹ tó lókìkí jù. Àwọn tó kọ́kọ́ jáde nínú oṣù kẹjọ ọdún náà ni a ń pè ní pink, wọ́n wọ́n púpọ̀. Àwọn tó tẹ̀lé wọn, tí a ń pè ní rose, wà káàkiri ní owó táṣẹ́rẹ́. Ẹ lè fi ojú inú wo iye rose tí àwọn olùtajà ti fi orúkọ pink tà fún àwọn tí kò mọ̀.

Báwo wá ni ẹ̀rọ ṣe ń wo àwọ̀? Ẹ̀rọ tí wọ́n ń pè ní spectrophotometer ní iná tirẹ̀ nínú. Ó máa ń tan iná yìí sí ara ohun tí a fẹ́ wọn, ó sì ń ka iye ìmọ́lẹ̀ tó ta padà ní ìgbì kọ̀ọ̀kan, láti nánómítà 400 níbi tí àwọ̀ àlùkò wà, títí dé 700 níbi tí pupa wà. Bí ó bá ń kà á ní mẹ́wàá-mẹ́wàá, nọ́ńbà 31 ni yóò kọ sílẹ̀ fún ibi kan ṣoṣo lára sítáǹpù. Bí a bá fa ìlà so àwọn nọ́ńbà wọ̀nyí pọ̀, ìlà náà á máa gòkè, á sì máa sọ̀kalẹ̀ gẹ́gẹ́ bí èròjà tó wà nínú tàdáwà náà ti rí. Mo fẹ́ kí ẹ fi ìlà yìí sọ́kàn, a ó tún padà bá a.

Nọ́ńbà 31 pọ̀ jù fún ènìyàn láti máa gbé kiri. Ní ọdún 1931, àjọ àgbáyé tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ìmọ́lẹ̀, tí orúkọ rẹ̀ ní kúkúrú ń jẹ́ CIE, fi ẹnu kò lórí bí a ṣe lè sọ ìlà bẹ́ẹ̀ di nọ́ńbà mẹ́ta péré. Iṣẹ́ ìwádìí tí Wright àti Guild ṣe ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n gbé e lé: àwọn méjèèjì ní kí àwọn ènìyàn máa po ìmọ́lẹ̀ mẹ́ta pọ̀ títí yóò fi bá àwọ̀ tí wọ́n fi hàn wọ́n mu, wọ́n kọ èsì sílẹ̀, àjọ náà sì ti ara rẹ̀ mọ bí ojú ènìyàn kan tí kò ní àbùkù ṣe ń dáhùn sí ìmọ́lẹ̀. Ní 1976, àjọ kan náà tún gbé ètò tí à ń pè ní CIELAB jáde, òun ni gbogbo wa ń lò lónìí. Nọ́ńbà rẹ̀ kìn-ín-ní, L, ń sọ bí àwọ̀ ti mọ́lẹ̀ tó, láti 0 tó dúdú kirikiri dé 100 tó funfun láúláú. Ìkejì, a, ń lọ láti àwọ̀ ewé sí pupa. Ìkẹta, b, ń lọ láti búlúù sí yẹ́lò. Pupa tó fà sí àwọ̀ ọsàn, irú scarlet, b rẹ̀ á ga. Èyí tó fà sí àwọ̀ aró, irú carmine, b rẹ̀ á kéré.

Àǹfààní ètò yìí ni pé a lè ṣírò bí àwọ̀ méjì ti jìnnà síra tó. N ó fi sítáǹpù mẹ́ta ṣe àpẹẹrẹ, nọ́ńbà tí mo dá fún ẹ̀kọ́ ni, kí ẹni kankan má ṣe kọ wọ́n sí ìwé rẹ̀ bí ẹni pé ti sítáǹpù kan pàtó ni. Ti àkọ́kọ́: L jẹ́ 52, a jẹ́ 48, b jẹ́ 28. Ti ìkejì: L jẹ́ 53, a jẹ́ 46, b jẹ́ 24. Ìyàtọ̀ wọn jẹ́ 1, 2 àti 4. A sọ ọ̀kọ̀ọ̀kan di ìlọ́po ara rẹ̀, ó di 1, 4 àti 16. A rò wọ́n pọ̀, ó di 21. Nọ́ńbà tí a lè fi ìlọ́po ara rẹ̀ rí 21 sì jẹ́ nǹkan bí 4.6. Èyí ni ìjìnnà àwọn méjèèjì. Ìjìnnà tí kò tó 1, agbára káká ni ojú fi lè rí i. Èyí tó bá kọjá 2 tàbí 3, ẹni tó fara balẹ̀ á rí i. Àwọn onímọ̀ ti tún ìṣírò yìí ṣe lẹ́yìn náà, èyí tó dé kẹ́yìn nínú àwọn tó gbajúmọ̀ ni CIEDE2000, tó bá ojú ènìyàn mu ju ti ìṣáájú lọ, ṣùgbọ́n ti àtijọ́ ló rọrùn láti fi bébà àti bírò ṣe.

Ẹ wá wo ẹ̀kẹta: L jẹ́ 60, a jẹ́ 40, b jẹ́ 23. Bí a bá ṣírò ìjìnnà rẹ̀ sí ti àkọ́kọ́, ìyàtọ̀ jẹ́ 8, 8 àti 5, èsì rẹ̀ sì jẹ́ 12.4. Ẹni tó bá gbára lé ìjìnnà nìkan á sọ pé ẹ̀kẹta ni àjèjì láàárín wọn, pé àkọ́kọ́ àti ìkejì ni ọmọ ìyá. Àṣìṣe gbáà nìyẹn. Ọ̀nà mìíràn wà tí a lè gbà wo nọ́ńbà a àti b: kí a fi wọ́n ṣírò igun, èyí tó ń sọ irú pupa tí pupa náà jẹ́, láìka bóyá ó fẹ́lẹ́ tàbí ó ki sí. Igun ti àkọ́kọ́ jẹ́ dígírì 30.3, ti ẹ̀kẹta jẹ́ 29.9, ti ìkejì jẹ́ 27.6. Àkọ́kọ́ àti ẹ̀kẹta ni tàdáwà wọn jẹ́ ọ̀kan náà. Tàdáwà kàn fẹ́lẹ́ lára ẹ̀kẹta ni. Àwọn ìyá aláró wa mọ èyí láìsí ẹ̀rọ: aṣọ tí a rì sínú ìkòkò lẹ́ẹ̀kan àti èyí tí a rì lẹ́ẹ̀marùn-ún kò jọra lójú, síbẹ̀ inú ìkòkò aró kan náà ni wọ́n ti jáde.

Ìdí tí ọ̀rọ̀ igun fi ṣe pàtàkì fún sítáǹpù ju fún ohun mìíràn lọ ni pé sítáǹpù kì í ṣe ibi tí a kun ní ọ̀dà láti etí dé etí. Ẹ fi gíláàsì asọǹkan-di-ńlá wò ó: ìlà tẹ́ẹ́rẹ́-tẹ́ẹ́rẹ́ ni, bébà funfun sì wà láàárín ìlà kan àti èkejì. Ihò tí ẹ̀rọ fi ń wòran ń po tàdáwà àti bébà pọ̀, nọ́ńbà tó sì ń fún wa jẹ́ ti àdàpọ̀ náà. Bí wọ́n ti ń tẹ̀ ẹ́ lọ, bí tàdáwà bá pọ̀ lórí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé lówùúrọ̀, tó sì dín kù lọ́sàn-án, L á yí padà gidigidi nígbà tí igun kò ní yí púpọ̀. N kò sọ pé igun kì í yí rárá o. Bébà tó ti pọ́n nítorí ọjọ́ orí á fa b sókè, igun á sì tẹ̀ lé e, nítorí náà a gbọ́dọ̀ wọn etí bébà tí kò ní tàdáwà pẹ̀lú, kí a sì kọ ọ́ sílẹ̀.

Bí a ṣe ń wọn sítáǹpù kan gan-an rèé. A óò kọ́kọ́ fi páálí funfun tó bá ẹ̀rọ wá tún ojú ẹ̀rọ ṣe, kí ó lè mọ ohun tí funfun jẹ́ lọ́jọ́ náà. A óò to bébà funfun tí kò ní èròjà amúmọ́lẹ̀ nípọn sábẹ́ sítáǹpù, nítorí bébà sítáǹpù fẹ́lẹ́, ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀ ń yọ sókè. Ẹni tó wọn ọ̀kan lórí tábìlì dúdú, tó wọn èkejì lórí bébà funfun, iṣẹ́ asán ló ṣe. A fẹ́ ẹ̀rọ tí ihò rẹ̀ kò ju mìlímítà 3 tàbí 4 lọ, kí a lè rí ibi tí òǹtẹ̀ ilé ìfìwéránṣẹ́ kò dé. Ibi mẹ́ta tí tàdáwà ti kún ni kí a wọ̀n, kí a sì mú èyí tó bọ́ sáàárín. Bí ìjìnnà tó wà láàárín ibi mẹ́ta lára sítáǹpù kan ṣoṣo bá ti tó 2, kí ẹnikẹ́ni má ṣe kígbe pé òun rí ẹ̀yà tuntun nítorí ìjìnnà 2 tó wà láàárín sítáǹpù méjì. Lẹ́yìn náà, kí a kọ irú ìmọ́lẹ̀ tí a fi ṣírò náà: D65 ni ìmọ́lẹ̀ ojúmọmọ tí ọ̀pọ̀ ń lò, àwọn atẹ̀wé sì fẹ́ràn D50. Ẹni tó bá kọ L, a àti b láìkọ ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ kò tíì parí ọ̀rọ̀.

Àwọn sítáǹpù kan wà tí bébà wọn fúnra rẹ̀ ní àwọ̀. Oní-tọ́rọ́ (pẹ́nì mẹ́ta) ìgbà Ọba George Karùn-ún, àwọ̀ àlùkò lórí bébà yẹ́lò ni. Oní-ṣílè kan, dúdú lórí bébà àwọ̀ ewé ni. Àwọn kan nínú wọn ní àwọ̀ lójú nìkan, ẹ̀yìn wọn funfun. Àwọn mìíràn ní in títí dé ẹ̀yìn, òmíràn tilẹ̀ yàtọ̀ sí ojú rẹ̀. Fún irú èyí, ẹ̀yìn ni ká wọ̀n, ká fi ojú sílẹ̀. Ó rọrùn, ó mọ́, kò sí ìlà tí yóò dà wá láàmú, bí kò bá jẹ́ pé gọ́ọ̀mù ṣì nípọn níbẹ̀.

Ní báyìí, mo dé ibi tí ẹ̀rọ ti lè tàn wá jẹ láìpurọ́. Ẹ̀rọ ń wọn àwọ̀ tí sítáǹpù ní lónìí. Kò mọ èyí tó ní nígbà tó jáde kúrò lábẹ́ ẹ̀rọ ìtẹ̀wé. Nígbà ayé Ọbabìnrin Fikitóríà, àwọn ènìyàn a máa fọ òǹtẹ̀ kúrò lára sítáǹpù láti tún un lò. Ìdí rẹ̀ nìyí tí wọ́n fi yí sítáǹpù kọ́bọ̀ kan ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, èyí tó kọ́kọ́ jáde ní dúdú ní 1840, padà sí pupa ní 1841, kí òǹtẹ̀ dúdú tó ṣòro láti fọ̀ lè hàn lára rẹ̀. Èròjà kan nínú tàdáwà pupa náà sì tún ń sọ bébà rẹ̀ di búlúù fẹ́ẹ́rẹ́, tí ó fi di ọdún 1857 kí bébà funfun tó wọlé. De La Rue gba ọ̀nà mìíràn: wọ́n ń lo tàdáwà àwọ̀ ewé àti àwọ̀ àlùkò tí yóò ṣí bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ fọ òǹtẹ̀ kúrò. Ọ̀pọ̀ sítáǹpù àwọn ilẹ̀ tó wà lábẹ́ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi tàdáwà yìí tẹ̀. Ẹni tó bá rẹ irú rẹ̀ sínú omi láti yọ ọ́ kúrò lára àpòòwé, bí a ti máa ń ṣe sí gbogbo sítáǹpù láìronú, ó lè fi ọwọ́ ara rẹ̀ dá ẹ̀yà àwọ̀ tí kò sí nínú kátálọ́ọ̀gì kankan. Àwọn àwọ̀ ọsàn àti pupa tí a fi òjé ṣe tún wà, tí afẹ́fẹ́ tó ní súfúrù nínú ń sọ di dúdú tàbí àwọ̀ ilẹ̀. Bí a bá fi hydrogen peroxide díẹ̀ kàn án, àwọ̀ rẹ̀ a máa padà. Oòrùn náà ní tirẹ̀. Sítáǹpù tí wọ́n fi gíláàsì bò lára ògiri pálọ̀, ẹ má ṣe yọ ẹ̀rọ sí i.

Ibí yìí ni ìlà tí mo ní kí ẹ fi sọ́kàn ti wúlò. Nọ́ńbà mẹ́ta lè bára mu nígbà tí ìlà kò bára mu. Bí sítáǹpù aláwọ̀ ilẹ̀ kan bá jẹ́ aláwọ̀ ọsàn tó ti bàjẹ́, ìlà rẹ̀ sábà máa ń gòkè ní ibi kan náà tí ti aláwọ̀ ọsàn ti ń gòkè, á kàn rẹlẹ̀ jù ú lọ ni. Bí ó bá jẹ́ pé tàdáwà mìíràn ni wọ́n fi tẹ̀ ẹ́ láti ìbẹ̀rẹ̀, ibi tí ìlà ti gòkè á yàtọ̀. Àwọn yàrá ìwádìí tó lágbára tún ní ẹ̀rọ tó ń lo ìtànṣán X láti sọ bóyá òjé, kúrómíọ̀mù tàbí irin wà nínú tàdáwà, èyí sì kọjá ohun tí àwọ̀ nìkan lè sọ. Bákan náà, èròjà amúmọ́lẹ̀ tó ń jẹ́ kí bébà funfun máa tàn lábẹ́ iná ultraviolet di ohun tí wọ́n ń pò mọ́ bébà lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì. Bí a bá rí i lára bébà sítáǹpù tí wọ́n ní ó jáde ní 1914, ẹ jẹ́ kí olúwarẹ̀ gbé e padà síbi tó ti rà á.

Mo fẹ́ pẹ́ díẹ̀ lórí bí a ṣe ń pín sítáǹpù sí ẹ̀yà, nítorí òun ni ọkàn iṣẹ́ náà. Ẹ jẹ́ ká ní a ní igba sítáǹpù kọ́bọ̀ kan ti George Karùn-ún. A wọ̀n wọ́n, a sì fi àmì ọ̀kọ̀ọ̀kan sórí bébà onílà, nọ́ńbà a ń lọ sí ọ̀tún, nọ́ńbà b ń lọ sókè. Ohun méjì ló lè ṣẹlẹ̀. Àwọn àmì lè ṣù jọ sí ọ̀nà méjì tàbí mẹ́ta, kí ààyè ṣófo wà láàárín wọn. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, ó ṣeé ṣe kí ẹ̀yà wà lóòótọ́, nítorí tàdáwà tuntun kì í wọlé díẹ̀díẹ̀. Àwọn àmì náà sì lè tò lọ láìsí àlàfo, láti ìpẹ̀kun kan dé èkejì. Nígbà náà, ẹni tó bá fi orúkọ mẹ́ta tàbí mẹ́rin pín wọn, ó pín ohun tí kò ní ààlà. Èrò tèmi ni pé ọ̀pọ̀ lára àwọn orúkọ àwọ̀ tó wà nínú kátálọ́ọ̀gì, ti ìkejì yìí ni wọ́n, àti pé kí a kúkú sọ pé sítáǹpù náà wà láti ibi báyìí dé ibi báyìí, kí a sì fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Ṣùgbọ́n bí a bá tilẹ̀ rí ìṣù méjì, ta ni yóò sọ èyí tó ṣáájú? Àpòòwé tó ní ọjọ́ lórí ni. Sítáǹpù tó ṣì lẹ̀ mọ́ lẹ́tà, tí òǹtẹ̀ sì fi ọjọ́, oṣù àti ọdún hàn, ẹlẹ́rìí ni. Ìlú yìí kò kẹ̀rẹ̀ nínú irú ẹlẹ́rìí bẹ́ẹ̀: ní 1855 ni Bowen, míṣọ́nnárì Onítẹ̀bọmi láti Amẹ́ríkà, dé Ògbómọ̀ṣọ́, àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ sì gbé níhìn-ín lẹ́yìn rẹ̀, ilé ẹ̀kọ́ àwọn àlùfáà wọn ti wà láti 1898, ilé ìwòsàn wọn láti 1907, kò sì sí àlejò tó jìnnà sílé tí kì í kọ lẹ́tà. Àmọ́ kí a ka ẹ̀rí náà bí ó ti yẹ. Òǹtẹ̀ kò sọ ọjọ́ tí wọ́n tẹ sítáǹpù, ohun tó sọ ni pé wọ́n ti tẹ̀ ẹ́ kí ọjọ́ náà tó pé. Ìlú Èkó ni àpótí sítáǹpù tuntun ti ń sọ̀kalẹ̀ látinú ọkọ̀ ojú omi. Reluwé tó ń gbé lẹ́tà gòkè gba Ọ̀ṣogbo àti Ọ̀fà lọ sí Ìlọrin, kò gba Ògbómọ̀ṣọ́ kọjá, ilé ìfìwéránṣẹ́ kékeré sì lè máa ta èyí tó kù lọ́wọ́ rẹ̀ fún ọdún púpọ̀ kí ó tó ṣí òmíràn. Fún ìdí èyí, bí a bá fẹ́ mọ ìgbà tí àwọ̀ kan bẹ̀rẹ̀, òǹtẹ̀ Èkó tó bá ṣáájú jù ló ṣe pàtàkì. Òǹtẹ̀ Ọ̀yọ́ tàbí Ògbómọ̀ṣọ́ ń sọ fún wa bí àwọ̀ àtijọ́ ti pẹ́ tó nílẹ̀. Ẹ̀rí kejì ni àmì inú bébà, nítorí àmì CA (ìkékúrú Crown Agents, àwọn aṣojú tó ń bá àwọn ilẹ̀ tó wà lábẹ́ Gẹ̀ẹ́sì ra nǹkan) oníkọ̀wé ìgúnrégé tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í lò láti 1921 yàtọ̀ sí ti ìṣáájú, a sì lè fi í pààlà láìwo àwọ̀ rárá.

Nígbà tí a bá ti wọn irú àwọn sítáǹpù ẹlẹ́rìí bẹ́ẹ̀, tí a mọ ibi tí ìṣù ọdún 1914 wà àti ibi tí ìṣù ọdún 1917 wà, nígbà náà ni a lè mú èyí tí kò ní ọjọ́, kí a wọ̀n ọ́, kí a sì wo ìṣù tó bọ́ sí. Bí ó bá bọ́ sáàárín, kí a kọ ọ́ pé ó bọ́ sáàárín. Irú iṣẹ́ kan náà dúró de ẹni tó bá fẹ́ràn sítáǹpù Ọba George Kẹfà: kọ́bọ̀ kan ti 1938 ní carmine, ó tún ní rose-red, kí wọ́n tó wá yí i padà sí àwọ̀ àlùkò ní 1944. Àwọ̀ àlùkò kò ní ẹjọ́, ẹni tí kò mọ nǹkan kan á dá a mọ̀. Pupa méjèèjì ni kí ẹ lọ wọ̀n.

Mo mọ̀ pé ẹ̀rọ ìwọn àwọ̀ tó péye wọ́n. Ilé ẹ̀kọ́ gíga tó ní ẹ̀ka físíìsì tàbí kẹ́míkà, àti ilé iṣẹ́ tó ń po ọ̀dà, ni irú rẹ̀ sábà máa ń wà, ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ LAUTECH tí ẹ wà níbí, ẹ bi àwọn olùkọ́ yín wò. Ẹni tí kò bá rí i lè lo skáànà, bí ó bá gbà láti mọ ibi tí agbára rẹ̀ pin. Skáànà kò ka nọ́ńbà 31, mẹ́ta péré ló ń kà, iná inú rẹ̀ kì í sì í ṣe oòrùn. Kí ó pa gbogbo ohun tí ń tún àwọ̀ ṣe fúnra rẹ̀. Kí ó fi káàdì àwọ̀ kan náà sí ẹ̀gbẹ́ sítáǹpù nígbà gbogbo. Kí ó wọn gbogbo sítáǹpù rẹ̀ lórí skáànà kan náà. Àǹfààní kan wà tí skáànà fi ju ẹ̀rọ ńlá lọ: lórí àwòrán rẹ̀, a lè yan àwọn ojú àmì kéékèèké tó jẹ́ tàdáwà nìkan, kí a yọ bébà àti òǹtẹ̀ sọnù, kí a tó ṣírò. Ohun tí a kò gbọ́dọ̀ ṣe ni kí a fi nọ́ńbà skáànà tiwa wé nọ́ńbà skáànà ẹlòmíràn. Ti fóònù, n kò gbà á rárá. Fóònù ń tún àwọ̀ ṣe kí àwòrán lè wu ojú ni, kò sì bèèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Ẹnìkan ti kọ ìbéèrè sí mi pé ṣé a lè wọn sítáǹpù láìyọ ọ́ kúrò nínú ike álíbọ́ọ̀mù. Rárá o. Ike ń ta ìmọ́lẹ̀ padà lójú ara rẹ̀ kí ó tó dé orí tàdáwà, L á ga ju bó ti yẹ lọ, ike àtijọ́ tó ti pọ́n á sì tún fi yẹ́lò tirẹ̀ kún un. Kí ẹ fi ẹ̀mú yọ ọ́, kí ẹ wọ̀n ọ́, kí ẹ dá a padà. Ìbéèrè kejì ni pé ṣé iná ẹ̀rọ kò ní ba sítáǹpù jẹ́. Iná náà ń tàn fún ìgbà díẹ̀ péré ni, ewu rẹ̀ kò tó ti kí a gbàgbé sítáǹpù náà sí ojú fèrèsé títí di ìrọ̀lẹ́. Àwọn tó mú àpòòwé olójọ́ wá lónìí, ẹ má ṣe yọ sítáǹpù kúrò lára rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a wọ̀n wọ́n bí wọ́n ti wà, tábìlì wà ní ọwọ́ òsì yín.